Ẹ̀dínwó lórí ẹ̀dínwó: bí wọ́n ṣe ń ra fítámì lówó pọ́ọ́kú ní Amẹ́ríkà

Kò sẹ́ni tó ń ná ọjà ní CVS tàbí Walgreens, àwọn ilé ìtajà oògùn tó wà káàkiri Amẹ́ríkà. Iye tí wọ́n kọ síwájú ọjà ni wọ́n ń tà á. Síbẹ̀, oníbàárà méjì lè gbé ìgò fítámì D méjì-méjì lọ sídìí ẹ̀rọ ìgbowó lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan san dọ́là 24, kí ìkejì san dọ́là 6 péré. Ìkejì kò bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀dínwó léra ni.

Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé owó náà kì í ti àpò kan ṣoṣo jáde. Kúpọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ìwé ẹ̀dínwó, wà tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ṣe fítámì náà. Bí oníbàárà bá fi yọ dọ́là 2, ilé ìtajà kò pàdánù kọ́bọ̀: iléeṣẹ́ á san dọ́là 2 ọ̀hún padà fún un, á sì fi nǹkan bíi sẹ́ǹtì 8 kún un fún wàhálà rẹ̀. Kúpọ́ọ̀nù kejì jẹ́ ti ilé ìtajà fúnra rẹ̀, òun ló sì ń ru ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi jà bí èèyàn bá lo méjèèjì lórí ìgò kan. Kúpọ́ọ̀nù iléeṣẹ́ méjì lórí ìgò kan ṣoṣo ni wọn kì í gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní dọ́là 12 ni ìgò kan, tó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ "ra ọ̀kan, gba ìkejì lọ́fẹ̀ẹ́", èyí tí wọ́n máa ń ṣe léraléra fún fítámì Nature Made àti Nature's Bounty. Dọ́là 24 di 12, àmọ́ fún ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nìkan. Àlejò á san gbogbo rẹ̀. Kúpọ́ọ̀nù iléeṣẹ́ oní-dọ́là 2 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di 8, nítorí àwọn ilé ìtajà kan ń gbà á lórí ìgò ọ̀fẹ́ náà pàápàá. Kúpọ́ọ̀nù ilé ìtajà sọ ọ́ di 6.

Owó ìdápadà ló kàn. Nígbà kan, èèyàn ní láti gé àmì ara páálí ọjà, kó fi í pẹ̀lú rìsíìtì sínú àpòòwé, kó sì dúró de ṣẹ́ẹ̀kì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé, àwọn iléeṣẹ́ sì mọ̀ pé wọ́n á gbàgbé. Ní báyìí, áàpù bíi Ibotta ló ń ṣe é: ya rìsíìtì ní fọ́tò, kí dọ́là kan wọlé lórí ìgò kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 4 ló kù.

CVS tún ní ExtraBucks, ẹ̀bùn owó tó ń jáde nídìí rìsíìtì wọn. Rìsíìtì yẹn gùn débi pé ó ti di ohun ẹ̀fẹ̀: èèyàn á ra ọṣẹ kan, bébà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọdé á tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ExtraBucks ní ọjọ́ tó ń kú, ọ̀dọ̀ wọn náà lèèyàn sì gbọ́dọ̀ padà lọ ná an. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán bíi ti inú báńkì. Nígbà tí Rite Aid, ilé ìtajà oògùn mìíràn, wọko gbèsè, láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọn kò ti gba káàdì ẹ̀bùn tí àwọn fúnra wọn tà mọ́.

Àwọn kan kọjá ààlà. Obìnrin kan ní Virginia Beach ṣe ayédèrú kúpọ́ọ̀nù tó kó àwọn iléeṣẹ́ sí àdánù tó lé ní mílíọ̀nù 31 dọ́là. Ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ni ilé ẹjọ́ dá fún un ní 2021.

Ó tún yẹ ká bèèrè bóyá fítámì ọ̀hún wúlò fún ẹni tó ń rà á. Folic acid wúlò fún obìnrin tó fẹ́ lóyún, kò síyè méjì. Àmọ́ ní 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn sọ pé kò sí ẹ̀rí tó pọ̀ tó pé fítámì alápapọ̀ ń dènà àrùn ọkàn tàbí jẹjẹrẹ, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo fítámì E fún ìdí yẹn.

Fún ẹni tó ń kó fítámì bọ̀ wálé látọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ní Houston, kó wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kó tó ra ìgò mẹ́wàá. Kó sì fi iye hóró pín iye owó, nítorí ìgò tí CVS fi orúkọ ara rẹ̀ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè dínwó ju ti kúpọ́ọ̀nù lọ.