Marianne: Obìnrin Tí Kò Gbé Ayé Rí, Tí Ó Di Ojú Ilẹ̀ Faransé

Nígbà tí ère aláwọ̀ wúrà ti obìnrin mẹ́wàá yọ sókè létí odò Seine ní alẹ́ ìṣíde ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris ní ọdún 2024, ó rọrùn láti kà á sí àṣà àtijọ́ tí ilẹ̀ Faransé ní láti máa fi obìnrin ṣe àmì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́wàá náà, tí Olympe de Gouges, Louise Michel àti Simone Veil wà lára wọn, gbé ayé, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tí a lè tọ́ka sí, nígbà tí Marianne, tí ère orí rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìlú káàkiri ilẹ̀ náà, kò gbé ayé rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé akọni kan ni nínú ìdìtẹ̀ ńlá ọdún 1789.

Ìfohunpènìyàn ni Marianne, èyí ni pé kí a gbé ìwà àti ìrísí ènìyàn wọ ohun tí kì í ṣe ènìyàn. Ohun náà níhìn-ín ni ìjọba olómìnira, ìjọba tí kò ní ọba. Àwòrán ọba lórí ìtẹ́ ni ó máa ń wà lára èdìdì ìjọba tẹ́lẹ̀, òun sì ni ẹ̀rí pé àṣẹ inú ìwé kì í ṣe ayédèrú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Convention fagi lé ipò ọba ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1792, èdìdì nílò ojú mìíràn, kò sì sí ọkùnrin tí wọn ì bá fi síbẹ̀ tí kò ní dà bí ẹni pé wọ́n tún fi ọba mìíràn jẹ. Wọ́n wá yàn án pé kí obìnrin tí ó dúró fún Òmìnira wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àti fìlà tí wọ́n so ìtàn rẹ̀ mọ́ èyí tí àwọn ẹrú ń dé ní Róòmù àtijọ́ nígbà tí wọ́n bá gba òmìnira. Orúkọ Marianne, tí ó wọ́pọ̀ láàárín mẹ̀kúnnù, jáde nínú orin kan ní èdè Occitan ti gúúsù ní ọdún kan náà, àwọn ọ̀tá ìjọba tuntun sì tún fi ṣe ẹ̀sín títí ó fi mọ́ ọn lára.

Ìrísí méjì ni obìnrin yìí ní. Nínú àwòrán tí ayàwòrán Delacroix yà ní ọdún 1830, ó ṣí àyà sílẹ̀, ó di àsíá mú, ó ń ṣáájú àwọn oníjà gba orí òkú kọjá. Lára èdìdì ọdún 1848 tí Jacques-Jean Barre ṣe, tí ìjọba ṣì ń lò, ó jókòó jẹ́ẹ́, ìtànṣán sì yí orí rẹ̀ ká. Àwọn tí kò fẹ́ ìjọba olómìnira ní obìnrin tiwọn: Jeanne d'Arc, ọmọbìnrin tí ó jagun fún ọba Faransé, tí wọ́n dáná sun ní Rouen ní ọdún 1431, tí ìjọ Kátólíìkì sì kà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1920. Nígbà ìjọba Vichy, tí ó bá Jámánì ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ère Marianne kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ń gbé Jeanne ga.

Èyí tí ó ṣòro láti ṣàlàyé ni pé ìjọba tí ó fi obìnrin ṣe ojú ara rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní oṣù Kẹwàá ọdún 1793, wọ́n bẹ́ Olympe de Gouges, òǹkọ̀wé tí ó jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, lórí ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin kò sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò títí di ọdún 1944. Ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó dà bí ìtakora yìí jẹ́ ìdí gan-an tí àmì náà fi ṣiṣẹ́: àṣà ọba Faransé ti lé obìnrin jìnnà sí ìtẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rù pé ẹni tí ó wà lára èdìdì yóò wá gba àṣẹ. Kò sí ìwé àwọn aṣòfin ìgbà náà tí ó sọ ọ́ gbangba báyìí, ṣùgbọ́n ìtàn tí ó tẹ̀ lé e kò tako èrò náà.

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1958 dárúkọ àsíá, orin àti àkọmọ̀nà orílẹ̀-èdè, kò dárúkọ Marianne. Àṣà ni ó gbé e dúró. Láti ìgbà tí ayàwòrán Aslan ti fi ojú òṣèré Brigitte Bardot ṣe ère rẹ̀, tí wọ́n sì fi ti òṣèré Catherine Deneuve náà ṣe é ní ọdún 1985, ojú alààyè ti ń wọ inú àmì tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Àwọn ère Seine lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Louise Michel jà nínú rògbòdìyàn Commune, tí àwọn ará Paris fi dìde sí ìjọba ní ọdún 1871, wọ́n sì lé e lọ sí Nouvelle-Calédonie; gbogbo ará Faransé kọ́ ni yóò gbà pé ó yẹ ní ère. Marianne kò lè bí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, nítorí kò ṣe ohunkóhun tí a lè bá a wí sí, ṣùgbọ́n ó jọ pé obìnrin tí ó ní iṣẹ́, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá bá ìjọba tí kò ní ọba mu ju ojú tí kò ní ìtàn lọ.