Kí Ẹ Tó Lọ Dáhùn Ìbéèrè Iṣẹ́ Ẹnjiníà ní Iléeṣẹ́ Àwọn Ará Jàpáànì

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní polí àti yunifásítì, ní Ìlaròó, Ayétòrò àti gbogbo agbègbè Yewa. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ra á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

1. Ìdí tí a fi kọ ọ́

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ ní káńtà ọ́fíìsì wa, níbi tí a ti ń ran àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó jáde ní Federal Polytechnic Ìlaròó tàbí ní Ìbógùn yóò wọlé ní ọ̀sán pẹ̀lú ìwé ìpè lọ́wọ́, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la ni wọ́n sì pè é sí Ọ̀tà. Bí a bá bi í pé báwo ló ṣe múra, yóò yọ ìwé kan tó rà lọ́wọ́ agẹnti: ìbéèrè wà lápá kan, ìdáhùn wà lápá kejì, ó sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kó sọ ohun tó ṣe nígbà tó wà ní IT (ìkọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́), kò ní rí nǹkan sọ.

Yálà ọ̀dọ̀ Honda tó ń to ọ̀kadà ní Ọ̀tà lẹ ń lọ, tàbí iléeṣẹ́ Jàpáànì mìíràn ní Èkó, iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ni kí ẹ múra láti sọ. Ìyókù ìwé yìí, àlàyé lórí ọ̀rọ̀ kan yìí ló pọ̀ jù níbẹ̀.

2. Ta ló lè lọ

Ohun tí ìpolówó iṣẹ́ bá kọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ó bá gba HND, kí ẹni tó ní HND lọ láìbẹ̀rù. ND nìkan kò tó fún ipò ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ipò tẹkiníṣíànì ni kí ẹ wá.

Ẹ mú ìwé ẹ̀rí NYSC dání. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde, ìwé ìdásílẹ̀ ni kó mú lọ.

Ẹ má kọ "Engr." sí iwájú orúkọ yín bí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò bá tíì forúkọ yín sílẹ̀. Òfin kò gbà á, ẹni tó sì fẹ́ gbà yín síṣẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Owó

Iléeṣẹ́ gidi kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Kì í gba owó fọ́ọ̀mù, kì í gba owó àyẹ̀wò ara, kì í gba owó "sílọ́ọ̀tì". Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni máa kó èèyàn jọ fún iṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ ìjọba. Bí agẹnti kan bá wá bá yín, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ tó gbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ hàn yín.

Ẹ̀yin òbí wa, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń kó owó àjọ lé agẹnti lọ́wọ́ torí kí ọmọ lè ríṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó náà ra bàtà fún ọmọ, kí ẹ fi ìyókù ṣe owó ọkọ̀ fún un.

4. "Kí ló dé?" Ẹ ka abala yìí lẹ́ẹ̀mejì

Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ Jàpáànì, bí nǹkan bá bàjẹ́, wọn kì í dúró sórí ìdáhùn àkọ́kọ́. Wọ́n á béèrè ìdí, wọ́n á tún béèrè ìdí ìdí náà, títí wọ́n á fi kan ìsàlẹ̀. Taiichi Ohno, ọ̀gá kan ní Toyota, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1978. Ẹ̀rọ kan dúró. Kí ló dé? Fíúùsì jó, torí ẹrù wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ló dé? Epo kò dé ara bíárìn dáadáa. Kí ló dé? Pọ́ǹpù kò fa epo tó. Kí ló dé? Irin àárín pọ́ǹpù ti jẹ. Kí ló dé? Kò sí asẹ́ níbẹ̀, èérún irin sì wọlé. Ẹni tó bá pààrọ̀ fíúùsì nìkan, yóò tún pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹni tó fi irú ìbéèrè báyìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lè fi bi yín náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lẹ ṣe fún pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá. Ẹ sọ fún wọn pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bẹ́líìtì rẹ̀ tó máa ń yọ. Wọn kò ní kọjá bẹ́líìtì yẹn.

"Kí ló dé tó fi ń yọ?"
"Púlì méjèèjì kò dọ́gba mọ́."
"Kí ló dé?"
"Ẹ́ńjìnnì ti sún kúrò ní ìjókòó rẹ̀."
"Kí ló dé?"
"Bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ tú."
"Kí ló dé?"
"Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, a kò sì fi wáṣà tó lè di bóòtù mú sí i."
"Kí ló dé tí ẹ kò fi í sí i?"
"Nígbà tí a ń yàwòrán rẹ̀, agbára tí yóò fi lọ ẹ̀gẹ́ nìkan la ṣírò. A kò ro ti ìgbọ̀n rẹ̀."

Ìdáhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń gbani síṣẹ́. Ẹ rí i pé ó jẹ́wọ́ àṣìṣe, síbẹ̀ kò dójú ti ẹni tó sọ ọ́, torí ó fi hàn pé ó dúró ti ẹ̀rọ náà, ó sì wò ó dáadáa. Kò sí agẹnti tó lè ta irú ìdáhùn yìí fún yín. Agẹnti kò sí níbẹ̀ nígbà tí bẹ́líìtì ń yọ.

Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe múra:

Ẹ mú nǹkan mẹ́ta: pírójẹ́ẹ̀tì yín, iṣẹ́ kan tí ẹ ṣe ní IT, àti nǹkan kan tó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ "Kí ló dé?" ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dáhùn rẹ̀ lórí ìwé. Ibi tí ìdáhùn bá ti tán nínú yín, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ kà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n fi ẹnu bi yín, kó má sì gba ìdáhùn kúkurú.

Ẹ wá ìwé lọ́ọ̀gì ITF yín jáde. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní IT wà nínú rẹ̀. Ẹ tún un kà láti òkè dé ilẹ̀, torí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni wọ́n lè ṣí sí.

Ẹ mọ nọ́ńbà iṣẹ́ yín: agbára ẹ́ńjìnnì, bí irin ṣe nípọn tó, kílò mélòó ni ẹ̀rọ ń lọ ní wákàtí kan. "Ó yára gan-an" kì í ṣe ìdáhùn.

Bí ẹ bá pọ̀ tí ẹ jọ ṣe é, ẹ sọ apá tiyín gan-an. Bó bá jẹ́ wẹ́dà ló jó irin náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ̀yin yà, tí ẹ wọ̀n, tí ẹ sì dán wò.

Bí ẹ kò bá mọ nǹkan, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe máa wádìí rẹ̀. Ìyẹn sàn ju àbùmọ́ lọ.

5. Ọ̀nà àti àkókò

Láti Ìlaròó, Owódé lẹ máa gbà já sí títì Ìdí-Ìrókò, kí ẹ tó dé Àtan àti Ọ̀tà. Kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n àti ọlọ́pàá máa ń dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀, tírélà sì pọ̀. Ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ sí àpò òkè. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ayétòrò, kó má gbára lé ọkọ̀ òwúrọ̀. Kó lọ sùn ní Ọ̀tà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá pè yín fún aago 9, kí aago 8:40 bá yín ní géètì. Bí nǹkan bá dí yín lọ́nà, ẹ pè wọ́n kí àkókò tó kọjá.

6. Nínú yàrá àti nínú fáktírì

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fúnni ní ìwé, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹ tẹrí ba díẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ kò pọn dandan. Bí ará Jàpáànì bá dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ sọ̀rọ̀ tán, ó lè jẹ́ pé ó ń rò ó ni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ míì dí àyè náà.

Bí wọ́n bá mú yín rìn yíká, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ rìn sáàárín ilà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ẹ má yọ fóònù.

7. Iṣẹ́ ní Jàpáànì fúnra rẹ̀

Iléeṣẹ́ tó gbà yín ló sábà máa ń bá yín gba ìwé ẹ̀tọ́ ìwọlé lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n ní Jàpáànì, kí ẹ tó lọ gba físà. Ẹni tó bá ń gba owó físà nígbà tí kò tíì sí iléeṣẹ́ kankan tó gbà yín, ẹ sá fún un.

8. Ìgbà tó yẹ kí ẹ wá

Ọjọ́ tí ìwé ìpè bá dé ni kí ẹ wá, ẹ má dúró di ọjọ́ tó ṣáájú ìbéèrè. Ẹ mú ìwé ìpè, ìwé lọ́ọ̀gì, ìwé pírójẹ́ẹ̀tì àti "Kí ló dé?" márùn-ún márùn-ún tí ẹ ti kọ dání. A ó jókòó tì yín, a ó sì bi yín bí wọ́n ṣe máa bi yín. A kì í gba owó. Bí òṣìṣẹ́ wa kan bá béèrè owó lọ́wọ́ yín, ẹ má san án. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọ́fíìsì ni kí ẹ lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.