Adágún Ìyákẹ́ àti ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí orí òkè Adó-Àwáyé

Adágún Ìyákẹ́ jẹ́ adágún omi kan tí ó wà ní orí òkè àpáta ní ìlú Adó-Àwáyé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìlú náà fi nǹkan bí kìlómítà 20 jìnnà sí ìlú Ìsẹ́yìn. Adágún yìí àti òkè tí ó gbé e dání wà lára àwọn ibi tí àwọn arìnrìn-àjò láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó máa ń lọ wò, tí wọn a sì padà sílé ní ọjọ́ kan náà. Ọkọ̀ ni a fi ń dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹsẹ̀ ẹni ni a fi ń gun òkè fúnra rẹ̀. Òjò ni ó ń bọ́ adágún náà, òjò kan náà ni ó sì ń pinnu ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣeé gbà, ìgbà tí àpáta yóò máa yọ̀, àti bí ìdọ̀tí tí àlejò bá fi sílẹ̀ yóò ti pẹ́ tó nínú omi. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ bí omi ṣe dé orí òkè.

Ìlú àti ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀

Aládó ni oyè ọba Adó-Àwáyé. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá tí ó wà lẹ́bàá àpáta, òkè ni odi àti ibi ìsádi àwọn ará ìlú ní ayé ogun; lẹ́yìn tí ogun rọlẹ̀ ni ìgbé ayé wá dúró sí ìsàlẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá ti fi abẹ́ Òkè Olúmọ ṣe ibi ìsádi, ó sì wà ní Ìdàńrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn ènìyàn ti gbé orí òkè títí di ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbéra láti Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ ń kúrò ní ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi ọ̀sà dọ́gba, níbi tí Snake Island wà ní òdìkejì omi, ó sì ń lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn tí àwọn àpáta ńláńlá dá dúró sí. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní gba Ìbàdàn kọjá, ó sì tẹ̀lé ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn tí ó jẹ́ kìlómítà 65, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe ní àkókò Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Èkejì gba Abẹ́òkúta kọjá sí ilẹ̀ Ìbàràpá. Ní ọ̀nà Ìbàdàn, ìrìn àlọ nìkan lé ní kìlómítà 200. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó fẹ́ padà ní ọjọ́ kan náà fi máa ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí adágún ṣe wà lórí àpáta

Òkè Adó jẹ́ irú òkè àpáta tí ó dá dúró láàárín ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú gíránáìtì agbègbè yìí dì nínú ilẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn. Òjò àti oòrùn wá ń jẹ ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí àpáta tí ó le jù lọ fi yọrí síta.

Lórí àpáta báyìí, omi kì í ti inú odò wá. Òjò ni ó máa ń rọ̀ sí ibi tí ó bá jin díẹ̀. Omi tí ó dúró síbẹ̀ a máa gba carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́ àti láti ara ewé tí ó ń jẹrà, yóò sì ní ìkan díẹ̀. Ìkan yìí ni ó ń sọ feldspar, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí gíránáìtì fi di gíránáìtì, di amọ̀. Nígbà tí omi bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, a gbé amọ̀ àti iyanrìn náà lọ. Nígbà tí ó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ a fẹ́ èyí tí ó kù dànù. Báyìí ni kòtò náà yóò ṣe máa jìn sí i, tí yóò sì máa gba omi púpọ̀ sí i. Gíránáìtì tí kò sán kì í jẹ́ kí omi rìn lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí náà omi lè wà nínú kòtò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Ohun tí ó tẹ̀lé èyí ni pé adágún orí àpáta kò ní omi tí ń ṣàn láti fọ̀ ọ́. Ohun tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò máa gbé.

Ìgbàgbọ́ àti àwọn ohun mìíràn tí ó wà lórí òkè

Àwọn ará ìlú gbà pé òrìṣà obìnrin kan ni ó ni adágún náà, àti pé a máa fún àwọn tí ń wá ọmọ lọ́mọ. Wọ́n tún gbà pé kò sí ẹni tí ó mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ kì í padà. Èèwọ̀ yìí bá ohun tí ojú rí mu: etí kòtò àpáta a máa dán, ewédò a máa jẹ́ kí ó yọ̀, kò sì sí gbòǹgbò tàbí ẹ̀ka igi tí ẹni tí ó bá já sínú omi lè dì mú. Yálà ènìyàn gba ìtàn náà gbọ́ tàbí kò gbà á, kí ó má wọ inú omi náà ni ó dára.

Lára àwọn ohun mìíràn tí àlejò ń rí ni àpáta Ìṣàgẹ̀, òkúta ńlá kan tí ó dúró lórí ìdí kékeré bí ẹni pé kò fara ti nǹkan kan. Ìtàn ìlú so àpáta yìí mọ́ òjò: nígbà ọ̀dá, a máa ń fi aṣọ funfun bò ó láti tọrọ òjò. Adágún Ìyá Aláró àti kòtò tí a ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run náà wà níbẹ̀. Àwọn Kristẹni pẹ̀lú ń gun òkè náà láti gbàdúrà. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún ni ìlú ń ṣe ọdún òkè náà.

Àkókò tí ó yẹ

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìgbà ẹ̀rùn wọn, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ni ìgbà lílọ sí adágún orí òkè, nítorí pé yìnyín ti yọ́ kúrò lọ́nà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìgbà yẹn gan-an ni òjò ń rọ̀, ìgbà náà ni ọlidé gígùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì bọ́ sí. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a sì parí ní oṣù kẹwàá, àyàfi pé ó máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn.

Kò sí ìgbà kan tí kò ní ewu tirẹ̀. Nígbà òjò, adágún kún, koríko tutù, ṣùgbọ́n àpáta ń yọ̀, mànàmáná sì lè pa ẹni tí ó bá wà ní orí àpáta gbalasa. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀run a máa ṣú fún eruku, a kò sì ní lè rí ọ̀nà jíjìn láti orí òkè. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ parí, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, oòrùn a máa gbóná jọjọ, àpáta náà a sì máa dá ooru padà sí ara ẹni tí ń rìn. Oṣù kọkànlá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni ó rọrùn jù: omi òjò ṣì wà, ọ̀nà sì ti gbẹ.

Ìrìn ọkọ̀

Ọ̀nà ọ̀dà kò ní kí a má múra. Ẹni tí ó bá yà kúrò lórí rẹ̀, tí ó gba ọ̀nà oko, yóò bá ilẹ̀ pupa pàdé, èyí tí ó le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń yọ̀ bí ọṣẹ nígbà òjò. Ọkọ̀ tí ó ga nílẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí irú àwọn jíìpù kan, ni ó bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mu. Síbẹ̀, bí a ṣe wa ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì ju irú rẹ̀ lọ:

– Nínú ẹrẹ̀, jíà kékeré ni a ń lò, a kò sì gbọdọ̀ tẹ iná ọkọ̀ lójijì, nítorí táyà tí ó bá ń yí lójú kan yóò gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀.
– Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú jíà kékeré ni kí ó dá ọkọ̀ dúró, kí bíréèkì má baà gbóná.
– Bí omi bá gba ojú ọ̀nà, kí ẹnì kan fi igi wọn jíjìn rẹ̀ láti etí kí ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́. Bí omi bá ń ṣàn kíkankíkan, kí a padà.
– Kí ọkọ̀ má dá nìkan lọ. Ọkọ̀ kejì, okùn ìfà, ṣọ́bìrì àti ẹ̀kún táyà wà lára ẹrù.

Kí ẹnikẹ́ni má wa ọkọ̀ gun orí àpáta tàbí koríko tí ó bò ó. Ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò nípọn, ó sì ti gba ọdún púpọ̀ kí ó tó kóra jọ. Bí táyà bá ha á kúrò lẹ́ẹ̀kan, òjò yóò gbé e lọ.

Ìrìn ẹsẹ̀

Àtẹ̀gùn tí a kọ́ sí ẹsẹ̀ òkè lé ní 350. Lẹ́yìn rẹ̀, orí àpáta fúnra rẹ̀ ni a ń rìn. Kí àlejò wá amọ̀nà láti inú ìlú, nítorí pé ipasẹ̀ kì í hàn lórí àpáta, àwọn ibì kan sì wà tí ìsìn ṣì ń lọ lọ́wọ́, tí a kò gbọdọ̀ dé láìgba àṣẹ.

Bàtà tí ìdí rẹ̀ ń di nǹkan mú, fìlà, àti omi tí kò dín ní lítà méjì fún ẹnì kan ni ó yẹ láti gbé. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé omi adágún fún mímu. Òwúrọ̀ ni kí a gun òkè. Ní gbogbo ọdún, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní agbègbè yìí, ilẹ̀ a sì máa ṣú kíákíá. Nítorí náà ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ń fi ara rẹ̀ wéwu. Bí òjò bá ṣú, kí a sọ̀ kalẹ̀ láìdúró ya àwòrán.

Ejò a máa gbé inú pálapàla àpáta àti inú koríko. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí ẹni náà má sáré, kí a má gé ojú ọgbẹ́, kí a má fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí a bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ó tó wú, kí a má jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà mì, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Adágún orí òkè ní ibòmíràn

A sábà máa ń sọ pé adágún irú èyí kò ju méjì lọ ní gbogbo ayé, pé Ìyákẹ́ ni ọ̀kan, tí èkejì sì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Adágún tí ó wà lórí òkè pọ̀ ní ayé, àti ní Áfíríkà pàápàá: wọ́n wà lórí Òkè Kẹ́ńyà, Adágún Oku sì wà lórí òkè ní Kamẹrúùnù. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe wáyé. Adágún Nyos ní Kamẹrúùnù wà ní ẹnu òkè tí ó ti yọná rí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, carbon dioxide tí ó ti kóra jọ sí ìsàlẹ̀ omi rẹ̀ tú jáde lójijì, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 1,700. Òkè Adó kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín, nítorí náà kò sí irú ewu bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Adágún ti Colorado, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hanging Lake, ní ẹ̀kọ́ mìíràn láti kọ́ni. Ní ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà fi í sí ara àwọn ohun àdáyébá pàtàkì orílẹ̀-èdè náà. Èrò wá pọ̀ níbẹ̀ débi pé láti ọdún 2019, ènìyàn 615 péré ni a ń gbà láàyè lójúmọ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ ní láti gba àṣẹ ṣáájú. Èèwọ̀ ni láti wọ inú omi náà, kí ìdọ̀tí àti ọ̀rá ara ènìyàn má baà bà á jẹ́. Òfin ìjọba ni ó fi lélẹ̀ níbẹ̀ ohun tí ìgbàgbọ́ ìlú ti fi lélẹ̀ ní Adó-Àwáyé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìtọ́jú

Bí òkìkí Ìyákẹ́ ti ń kàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ àlejò ń pọ̀ sí i. Ike omi, ọ̀rá àti oúnjẹ tí a bá fi sílẹ̀ lórí àpáta, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò gbá wọn wọ inú adágún. Odò lè gbé irú rẹ̀ lọ, adágún tí kò ní odò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ohun tí a gbé gun òkè bá wa sọ̀ kalẹ̀ ni ìlànà tí ó ṣe kókó jù lọ fún ìrìn yìí. Adágún náà kò níláti jẹ́ ọ̀kan nínú méjì ní ayé kí ó tó yẹ ní títọ́jú. Fún àwọn ará Adó-Àwáyé, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n ní.