Yírùnyírùn Lára Ọmọ Tuntun: Ẹ Má Fi Ọrùn Nìkan Dá A Mọ̀

Ẹni tó bá ti ṣe kọ́ọ̀sì mọfọ́lọ́jì yóò tètè tú orúkọ yìí palẹ̀: yí àti ọrùn. A pa fáwẹ̀lì kan jẹ, ó di yírùn. A ṣe àpètúnpè rẹ̀, ó di yírùnyírùn, bí a ṣe rí gbọ́mọgbọ́mọ àti panápaná. Orúkọ náà bá meningitis mu lára àgbàlagbà, nítorí ọrùn aláìsàn sábà máa ń le gbagidi. Ṣùgbọ́n lára ọmọ tí kò tíì ju ọjọ́ 28 lọ, ó lè tan ni jẹ: ọrùn ọ̀pọ̀ wọn kì í le rárá.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ọpọlọ. Bí bakitéríà bá wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó lè gba ibẹ̀ dé awọ yìí, kí awọ náà sì wú. Group B Streptococcus àti E. coli wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù. Ọmọ lè kó wọn lára ìyá nígbà ìbí, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ ṣe ìyá. Ó sì lè kó àrùn lẹ́yìn ìbí láti ọwọ́ tí a kò fọ̀ tàbí ohun ẹlẹ́gbin tí a fi sí ìwọ́ rẹ̀.

Kí wá ni àmì rẹ̀? Ọmọ kò mu ọyàn dáadáa mọ́. Ara rẹ̀ gbóná, tàbí kó tutù jù. Ó ń sùn ṣáá, ó ń bì, igbe rẹ̀ ń han gooro. Gìrì lè mú un, àwùjẹ̀ rẹ̀ sì lè wú. Nígbà mìíràn, àìmu ọyàn nìkan la óò rí. Ẹ má dúró de ìyókù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Dókítà lè fẹ́ fa omi díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rù máa ń ba òbí pé yóò rọ ọmọ lápá lẹ́sẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí ni abẹ́rẹ́ náà ń gbà wọlé. Oògùn apa-bakitéríà tí a ń fa sí iṣan sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹ má dá a dúró nítorí pé ọmọ ti ń mu ọyàn padà.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò, nítorí àrùn yìí lè dí i. Etí ni ọmọ Yorùbá fi ń mọ igba yàtọ̀ sí igbá. Bí a bá tètè mọ̀, a lè tètè wá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún un, tàbí kí a kọ́ ọ ní èdè àwọn adití, kí ó má baà dàgbà láìní èdè kankan.