Kí Ni Bíìlì Omi Yín Ń Sọ?

Àwọn àgbà ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n bíìlì omi ní tiẹ̀! Ọ̀pọ̀ wa ló ń tì í sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n láì kà á. Ẹ jẹ́ ká tú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

'Cubic metre': Ohun tí mítà ń kà nìyí. Ẹyọ kan jẹ́ lítà 1,000. Bí ẹ bá ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa lálẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò lò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, nọ́ńbà mítà kò gbọdọ̀ yí. Bó bá yí, omi ń jò níbì kan nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì ń san án.

'Wastewater': Owó omi ìdọ̀tí àti omi òjò ni. Bí òjò bá pọ̀ jù ní London, omi ìdọ̀tí a máa ya wọ odò Thames. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ Tideway, ihò abẹ́ ilẹ̀ oní kìlómítà 25, tí wọ́n so pọ̀ tán ní 2025. Inú bíìlì wa ni owó rẹ̀ ti ń jáde.

'Reseller': Ẹni tó ra omi tó tún un tà. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Nígbà kan, kánsù Southwark ń gba owó omi pọ̀ mọ́ rẹ́ǹtì. Thames Water ń dín owó kù fún kánsù, ṣùgbọ́n owó pípé ni kánsù ń gbà lọ́wọ́ ayálégbé. Ní 2016, ilé ẹjọ́ gíga ní alátùntà ni kánsù, ó sì ti gbà jù. Kánsù dá owó padà fún àwọn tó ti san án láàrin 2001 sí 2013.

Òfin yìí kan náà ló de lándílọ́ọ̀dù tó ń gba owó omi lọ́wọ́ yín. Iye tí òun san ni kó pín fún yín, pẹ̀lú owó iṣẹ́ táṣẹ́rẹ́. Ẹ ní kó fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín.

'WaterSure': Ó wà fún ilé tó ní mítà, tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, tó sì ní ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ ń gba Child Benefit lé lórí, tàbí aláìsàn tó gbọ́dọ̀ lo omi púpọ̀. Wọ́n á fi gèGé sí bíìlì yín, kò ní kọjá ibẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Láti 1999 ni òfin ti ní kí kọ́ńpìnnì omi má gé omi ilé nítorí gbèsè. Gbèsè náà ò kúkú lọ o, nítorí náà ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ẹ gbé bíìlì yín wá sí ọ́fíìsì wa. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́. A ó jọ kà á pọ̀.