Yíyan Gìtá Oníná fún Orin Jùjú: Stratocaster àti Les Paul ní Òde Àríyá Ìjẹ̀bú-Òde

Ìfáàrà

Oríṣi gìtá oníná méjì ni òkìkí wọn kàn jù lọ ní àgbáyé. Èkíní ni Les Paul, tí ilé-iṣẹ́ Gibson gbé jáde ní ọdún 1952. Èkejì ni Stratocaster, tí ilé-iṣẹ́ Fender gbé jáde ní ọdún 1954. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe méjèèjì, orin àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe nítorí orin tí gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń dún pọ̀, tí èdè olóhùn sì ń darí rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ onígìtá tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ jùjú ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní lè yẹ ìbéèrè yìí sílẹ̀, pàápàá bí owó gìtá kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: èwo ni kí ó rà?

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí gìtá méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra, àti ohun tí ìyàtọ̀ náà túmọ̀ sí fún orin Yorùbá. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ipò tí gìtá yóò dì mú nínú ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó pinnu, kì í ṣe òkìkí orúkọ tí a kọ sí orí rẹ̀.

Bí iná ṣe wọ inú gìtá jùjú

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọrin jùjú ní Èkó, ẹgbẹ́ olórin kò tóbi. Gìtá-báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù jùjú tí a ń fi ọwọ́ lù àti ohùn ènìyàn ni gbogbo rẹ̀. Inú ilé ni wọ́n sábà ti ń ṣeré, gìtá tí kò ní iná sì tó fún irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni nǹkan yí padà. Ní òpin àwọn ọdún 1940, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni gángan wọ inú jùjú. Christopher Waterman, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn jùjú tí ó jáde ní ọdún 1990, fi hàn pé àwọn ìyípadà méjèèjì so mọ́ra: ẹ̀rọ tí ó gbé ohùn àti gìtá sókè ni ó fún ẹgbẹ́ ní ààyè láti fi ìlù kún ìlù, láìjẹ́ pé ìlù bo orin mọ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni iye gìtá ti ń pọ̀ sí i. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé fi gbajúmọ̀, gìtá ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Gìtá lẹ́ẹ̀dì ń dá olórin lóhùn. Gìtá tẹ́nọ̀, tí ó lè tó méjì tàbí mẹ́ta, ń ta àwọn gbólóhùn kúkúrú tí ó wọ inú ara wọn bí ọwọ́ ẹni tí ń hun ẹní. Béèsì ń di ìsàlẹ̀ mú. Gìtá Hawaii tí Démọ́lá Adépọ̀jù ta nínú àwo Jùjú Music tí Sunny Adé ṣe ní ọdún 1982 tún fi ohùn mìíràn kún un. Nítorí pípín iṣẹ́ yìí, kò bọ́gbọ́n mu láti béèrè gìtá tí ó dára jù láìkọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Ohun tí ó ya méjèèjì sọ́tọ̀

Ìyàtọ̀ mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì. Èyí tí ó lágbára jù ni pickup, ohun kékeré tí ó wà lábẹ́ okùn, tí ń sọ gbígbọ̀n okùn di iná mànàmáná. Òòfà tí a fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wé ní àìmọye ìgbà ni. Stratocaster ní mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdì wáyà kan ṣoṣo. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì mú. Àléébù rẹ̀ ni pé ìdì kan yìí ń gba ìró iná tí ó wà nítòsí mọ́ ìró okùn. Iná Nàìjíríà ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyípadà yìí ni ó sì máa ń kùn hùù nínú ámpù.

Pickup méjì ni ó wà lára Les Paul. Láti ọdún 1957 ni Gibson ti ń fi irú èyí tí Seth Lover, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, ṣe sára rẹ̀. Ìdì wáyà méjì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A wé wọn ní òdìkejì ara wọn, òòfà wọn náà sì kọ ojú sí òdìkejì. Ìkùn tí ó wọ ìdì kìíní, ìdì kejì yóò pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ìró okùn inú méjèèjì yóò para pọ̀ di ńlá. Ohùn rẹ̀ máa ń kún, ó sì rọ̀, àmọ́ díẹ̀ nínú mímú rẹ̀ ti lọ.

Ìyàtọ̀ kejì jẹ́ ti igi. Máhógánì, tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀gánwó ilẹ̀ wa, ni a fi ń ṣe ara Les Paul, a sì ń fi igi maple bo ojú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ni a fi gúlúù lẹ̀ mọ́ ara. Stratocaster fúyẹ́ jù ú lọ, ìdè onírin ni a sì fi de ọrùn rẹ̀, tí a fi lè tú u kí a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ kẹta ni gígùn okùn tí ń gbọ̀n: nǹkan bí mìlímítà 648 lára Stratocaster, nǹkan bí 628 lára Les Paul. Bí a bá pe ohùn kan náà lórí irú okùn kan náà, èyí tí ó gùn yóò le jù, yóò sì ta jáde kedere. Èyí tí ó kúrú yóò rọrùn fún ìka láti tẹ̀ kọrọdọ.

Gìtá àti ohùn ọ̀rọ̀

Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Nítorí náà ni orin Yorùbá fi sábà máa ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, tí gìtá lẹ́ẹ̀dì sì fi lè tún gbólóhùn olórin sọ, kí olùgbọ́ sì dá a mọ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Òótọ́ ni pé gìtá méjèèjì lè pe ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bó ti yẹ. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni bóyá etí yóò lè yọ gìtá náà jáde láàárín gángan, ohùn olórin àti gìtá yòókù, tí gbogbo wọn ń du ààyè kan náà.

Ibí ni mímú ohùn Stratocaster ti wúlò. Bí gìtá tẹ́nọ̀ mẹ́ta bá ní ohùn tí ó kún, wọn yóò rì sínú ara wọn, ìhunpọ̀ tí ó jẹ́ ẹwà jùjú yóò sì di ariwo. Ṣùgbọ́n gìtá lẹ́ẹ̀dì kì í dá ara rẹ̀ hun mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń kọrin. Ohùn Les Paul tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó kú sún mọ́ ohùn ènìyàn tí ó fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ohùn yíyọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ bí "rárà", ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀lé ohùn òkè máa ń yọ̀ wálẹ̀. Nínú "ìwé", ohùn òkè máa ń gùn láti ìsàlẹ̀. Gìtá Hawaii ni ó rọrùn jù fún èyí. Stratocaster ní ọwọ́ irin tí a lè fi mì ohùn. Les Paul kò sábà ní in, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ tí ó rọ̀ ń gbọ́ràn sí ìka lẹ́nu.

Òde àríyá

Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ìlú tí òkìkí àríyá rẹ̀ kàn jìnnà. Ní àsìkò Ojúde Ọba, tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń fi aṣọ àti ijó dárà, olórin sì máa ń ríṣẹ́ ṣe. Irú òde bẹ́ẹ̀ ní ìdánwò tirẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà ni olórin wà, ẹ̀rọ amúnáwá ń ké nítòsí, wáyà iná sì kọjá lókè àti nílẹ̀. Ibẹ̀ ni Stratocaster yóò ti máa kùn, tí ìkùn náà yóò sì hàn jù ní àkókò tí olórin dákẹ́ láti pe orúkọ olóde. Les Paul yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, àmọ́ ó sábà máa ń ju kílógíráàmù 4 lọ, èjìká tí ó gbé e di òwúrọ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n lára.

Àbùlà wà fún ìṣòro kìíní. Nínú ọ̀pọ̀ Stratocaster òde òní, pickup àárín ni a wé ní òdìkejì. Bí onígìtá bá so ó pọ̀ mọ́ èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkùn náà yóò dín kù púpọ̀. Jíjìnnà sí ẹ̀rọ amúnáwá, àti yíyí ara gìtá díẹ̀díẹ̀ títí ìkùn yóò fi rọlẹ̀, tún ń ṣèrànwọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí yóò ta tẹ́nọ̀ kò ní kábàámọ̀ bí ó bá mú Stratocaster. Ẹni tí lẹ́ẹ̀dì dá lójú, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ní tẹ́nọ̀ tí ohùn rẹ̀ mú, lè mú Les Paul. Ẹni tí kò tíì mọ ipò tí yóò bọ́ sí, tí owó gìtá kan ṣoṣo sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, Stratocaster tí pickup àárín rẹ̀ pa ìkùn ni ó lè bá ipò méjèèjì ṣiṣẹ́. Fender àti Gibson náà ní ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú, Squier àti Epiphone, àwọn aláfarawé tí ó jọ wọ́n ní ìrísí sì pọ̀ lọ́jà. Nítorí náà, kí olùrà má ṣe fi ojú ra gìtá. Kí ó so ó mọ́ ámpù, kí ó ta gbólóhùn orin kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí ó sì bi ẹni tí ó dúró tì í pé ọ̀rọ̀ wo ni ó gbọ́. Bí ẹni náà bá dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, gìtá náà yẹ fún òde Yorùbá.