Ẹ̀jẹ̀ Ara Ògiri Ń Rojọ́, Ta Ló Gbọ́ Èdè Rẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta epo pupa ní àdúgbò mi ló là mí lójú sí ọ̀ràn yìí. Ó bá epo lára ògiri ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ wá wò ó. Ẹni tó da epo mi nù, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló dúró sí. Ẹ ò rí ìrù epo bó ṣe kọjú sínú?" Ìyá yìí kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe fún ọlọ́pàá lòun ń ṣe yẹn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán tààrà sílẹ̀, róbótó ni yóò rí. Bí ó bá fò wá láti ẹ̀gbẹ́, yóò gùn, yóò sì ní ìrù. Ibi tí ìrù náà kọjú sí ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀, a jẹ́ pé igun dìgírì 30 ló fi ba ògiri. Wọn a wá ta okùn láti ara ẹ̀kán púpọ̀, láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Mo fi tàdáwà pupa dán an wò ní kíláàsì mi, ó sì rí bẹ́ẹ̀. (Ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà kò mọ́ mọ́ títí dòní.)

Ẹjọ́ tó sọ iṣẹ́ yìí di olókìkí ni ti Dókítà Sam Sheppard ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1954, wọ́n lu Marilyn ìyàwó rẹ̀ pa lórí ibùsùn, tòun ti oyún nínú. Ọkọ ní àlejò òru kan ló ṣe é, tó sì lu òun náà dákú. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwọn ìwé ìròyìn ti dá a lẹ́bi kí ilé-ẹjọ́ tó jókòó. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Yunifásítì California, Paul Kirk, wọ iyàrá náà. Ẹ̀jẹ̀ ta yí ògiri ká, àfi apá ibì kan. Kirk ní ara apànìyàn ló dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà níbẹ̀. Láti ibi tí ẹni náà dúró sí, ó ní ọwọ́ òsì ló fi lu obìnrin náà. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni Sheppard ń lò! Síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ kò gbà láti tún ẹjọ́ náà gbọ́. Ìgbà tó di 1966 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí ariwo ìwé ìròyìn. Kirk jẹ́rìí nínú ẹjọ́ kejì, wọ́n sì dá Sheppard sílẹ̀. Ó ti lo nǹkan bí ọdún 10 lẹ́wọ̀n. Ó kú ní 1970, ẹni ọdún 46.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀, àfi ìgbà tí mo ka ti David Camm ní Indiana. Wọ́n yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì ní ọdún 2000. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́jọ tín-ín-tìn-ìn wà lára ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ìbọn tó yìn ló ta á sí i lára. Àwọn mìíràn ní irun ọmọbìnrin rẹ̀ ló fara kàn nígbà tó fẹ́ gbé ọmọkùnrin rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a lẹ́bi. Láàárín èyí, ní 2009, ìgbìmọ̀ Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé èrò ọkàn àwọn tó ń ka ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ju sáyẹ́ǹsì lọ. Ẹjọ́ kẹta ló tó dá Camm sílẹ̀, ní 2013. Ẹlòmíràn sì ti wà lẹ́wọ̀n fún ìpànìyàn kan náà láti 2006.